Ọjà Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà àti Àwa Òṣìṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìkọ̀tún

Àwọn kan ń béèrè pé kí ló kan ẹni tó ń wa mọ́tò láti Ìgàndò dé Ìyànà Ìpájà nínú ọjà tí àwọn olówó ń ná ní Amẹ́ríkà. Ó kàn wá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní AI, tó ń kọ̀wé, tó sì ń dáhùn ìbéèrè bí ènìyàn, nílò ọpọlọ kọ̀ǹpútà àkànṣe. Nvidia ló gba iwájú nínú ọjà yìí. Ní 1993 ni wọ́n dá a sílẹ̀, iṣẹ́ àwòrán orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ kan nínú ọjà wọn tó ń jẹ́ H100 ti tà ju 25,000 dọ́là lọ.

Kí ló dé tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin awakọ̀ mọ̀ ọ́n. Bí mọ́tò rẹ kò bá gba páàtì mìíràn, tí ẹnì kan ṣoṣo ní Ládípọ̀ sì ní páàtì náà, iye tó bá pè ni wàá san. Ní 2006, Nvidia gbé CUDA jáde, ìyẹn irinṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ wọn. Orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ yóò tún iṣẹ́ kọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Google ti ń lo TPU tirẹ̀ láti 2015. Amazon náà ṣe tirẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2025, OpenAI tó ni ChatGPT bá AMD ṣe àdéhùn láti ra ọjà rẹpẹtẹ. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà sì fòfin de títa èyí tó lágbára jù fún Ṣáínà ní 2022, Huawei tẹra mọ́ tiwọn. Bí òǹtajà bá pọ̀, òǹrajà á rẹ́nu ná ọjà.

Ẹ má tíì yọ̀ o. Nvidia, AMD àti Google, TSMC ní Taiwan ló ń bá wọn rọ ọ́. Ìsọ̀ pọ̀, alágbẹ̀dẹ kan ni.

Ní oṣù kẹta 2025, Cassava Technologies, tí Strive Masiyiwa ọmọ Zimbabwe dá sílẹ̀, kéde pé àwọn yóò kó ẹ̀rọ Nvidia wá sí Áfíríkà. South Africa ni wọ́n fi ṣáájú, Nàìjíríà wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e. Ó dára bí àwọn ọmọ wa bá rí i yá nítòsí. Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, iná rẹpẹtẹ ló sì ń jẹ. Ọ̀gá tó bá san irú owó bẹ́ẹ̀ yóò wá ibi tí yóò ti rí i padà, owó iṣẹ́ wa sì ni ojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ béèrè nǹkan mẹ́ta nínú àdéhùn wa. Kí ọ̀gá sọ fún wa kí ẹ̀rọ tó wọlé. Kí ó kọ́ wa ní lílò rẹ̀, kì í sì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Kí ó má fi ẹ̀rọ rọ́pò ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ jókòó. Òṣìṣẹ́ tó dá nìkan lọ bá ọ̀gá kò yàtọ̀ sí òǹrajà tó dúró níwájú òǹtajà kan ṣoṣo.

Kí ìṣọ̀kan wa máa gbèrú.