Èsìẹ́ Wa àti Ogún Tí Àwọn Baba Wa Ṣọ́

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ọmọ mi ti ilé ìwé dé ní Èkó, ó ní wọ́n kọ́ àwọn pé Èsìẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí mùsíọ̀mù sí ní Nàìjíríà, ní ọdún 1945. Ó bi mí pé, “Dádì, kí ló wà níbẹ̀?” Ẹnu mi wọhò. Àìmọye ìgbà ni mo ti gba ibẹ̀ kọjá lọ sóko, n kò wọlé rí.

Nígbà tí a wálé, èmi àti ọmọ náà jọ wọlé. Ère òkúta lé ní 1,000! Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn jókòó sórí àpótí, àwọn mìíràn mú ohun ìjà dání. Ẹ wo irun orí wọn, ẹ wo ilà ojú wọn, ẹ ó mọ̀ pé ọwọ́ tó gbẹ́ wọn mọṣẹ́.

Àwọn baba wa kò sọ pé àwọn ló gbẹ́ wọn. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ni pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta. Àwọn onímọ̀ pàápàá kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó gbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n a mọ ẹni tó ṣọ́ wọn. Kí H. G. Ramsay, alábòójútó ilé ìwé C.M.S., tó rí wọn ní 1933, àwọn àgbẹ̀ ìlú yìí ti ń tọ́jú wọn, wọ́n sì ń ṣe ọdún wọn. Kò sẹ́ni tó san owó oṣù fún wọn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Àwọn àgbà tó mọ ìtàn ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa tó yẹ kó gbọ́ ọ wà ní Ìlọrin àti Èkó, ìsìnkú ló ń gbé wa wálé. Mùsíọ̀mù lè tọ́jú òkúta, kò lè tọ́jú ìtàn tí a kò sọ.

Àbá méjì ni mo mú wá. Kí olúkúlùkù wa mú ọmọ rẹ̀ débẹ̀ kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí. Èkejì, kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò máa gbé fóònù lọ bá àwọn àgbà ní agboolé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀: ìtàn ère, oríkì ìdílé, orúkọ oko àti odò wa. Kò ní ná wa tó owó aṣọ tí a wọ̀ lónìí.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwa náà ti ń dàgbà. Ọlọ́run yóò jẹ́ ká ṣe ogún ọdún pọ̀. Lọ́jọ́ náà, kí ọmọ wa má bi wá ní ìbéèrè tí ẹnu wa yóò tún wọhò.