Ọyẹ́ nílùú Accra: Ìdí tó fi yẹ kí ọlọ́kadà wọ ìbọ̀wọ́ ní ìdájí

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òtútù ń mú ọlọ́kadà nílùú Accra, àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Ṣebí ìlú etí òkun tó ń móoru ni? Àmọ́ láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, a sì máa gbé eruku dání.

Ẹni tó dúró ní Circle lójúmọmọ lè má fura. Ti ọlọ́kadà tó jáde ní ìdájí yàtọ̀, nítorí bó ṣe ń sáré ni afẹ́fẹ́ ń gba ooru ara rẹ̀ lọ. Ìka ọwọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ le, ọwọ́ ọ̀tún ló sì fi ń fa bíréèkì iwájú. Ọ̀kadà tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 17 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìka bá falẹ̀ díẹ̀ báyìí, ewu ti dé.

Eruku ọyẹ́ tún ń ta sójú, kì í sì í jẹ́ kí awakọ̀ ńlá tètè rí ọlọ́kadà.

Nítorí náà, kí ọlọ́kadà wọ ìbọ̀wọ́, jákẹ́ẹ̀tì àti akoto tó ní dígí, kó tan iná, kó sì dín eré kù. Kí èrò náà dé akoto. Bó bá ti pẹ́ fún un láti dé ibi iṣẹ́, kó má ṣe máa pariwo pé "Yára!" létí ẹni tí ìka rẹ̀ ti le.