Ta ni yóò kọ́ àwọn dókítà wa bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán inú ara?

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí dókítà kan tó ń ka àwòrán inú ara, tó sì tún ń kọ́ni ní fásitì, bá àwọn olùkọ́ ìṣègùn òyìnbó sọ lórí ìdí tí ipò olùkọ́ fi ń ṣófo ní Nàìjíríà.



Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó ṣojú mi. Ilé ìwòsàn fásitì kan ní apá àríwá Nàìjíríà ní kí n wá bá àwọn jókòó nígbà tí wọ́n fẹ́ gba olùkọ́ tuntun sí ẹ̀ka tó ń ya àwòrán inú ara. Ipò mẹ́ta ló ṣófo. Wọ́n ti polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀wé wá. Ọmọkùnrin náà wọlé, ó kí wa, a bi í ní ìbéèrè, ó dáhùn gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tá a ní kó béèrè tirẹ̀, ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìgbà wo ni ẹ̀rọ CT yín ṣiṣẹ́ kẹ́yìn?"

A wojú ara wa. Kò sẹ́ni tó lè sọ. Wọ́n fún un níṣẹ́ náà, àmọ́ kò wá.

Mi ò bá a wí. Kí ló fẹ́ fi kọ́ ọmọ ẹlòmíì nígbà tí ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó ní ká mí sínú, ká sé e mọ́, níwájú ẹ̀rọ X-ray ni dókítà tó ń ka àwòrán. Rárá o. Ẹni tó ń yà á yàtọ̀ sí ẹni tó ń kà á. Ẹni tó ń kà á, tí wọ́n ń pè ní radiologist, ti kọ́kọ́ di dókítà ná. Ọdún mẹ́fà ní fásitì, ọdún kan gẹ́gẹ́ bíi dókítà tuntun nílé ìwòsàn, ọdún kan gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Lẹ́yìn náà, yóò tún lo bí ọdún márùn-ún sí i lábẹ́ àwọn ọ̀gá, kó tó yege ìdánwò National Postgraduate Medical College of Nigeria tàbí ti West African College of Surgeons. Ọmọ tó wọ fásitì lọ́mọ ọdún 18 yóò ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, bí ìyanṣẹ́lódì ò bá tiẹ̀ dá a dúró. Ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í wù láti gbà síṣẹ́?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé àwọn dókítà tó lé ní 16,000 ló ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, bẹ́ẹ̀ sì ni owó tí wọ́n ń ná láti kọ́ ẹyọ dókítà kan ju 21,000 dọ́là lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ń pariwo pé àwọn tó ń ka àwòrán kò tó. Ẹ ò rí i pé ẹni tá a jọ ń wá ni wọ́n ń wá?

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló wọ ọkọ̀ òfurufú. Òmíràn wà ní Èkó tàbí Àbújá, ó jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ó ń ka àwòrán tí wọ́n yà ní Kaduna, wọ́n sì ń sanwó fún un lórí iye èyí tó bá kà. Pálọ̀ yẹn gan-an ni ipò olùkọ́ wa ń bá du èèyàn, kì í ṣe London nìkan.

Kí la wá ní láti fún un? Fásitì ló ń gbà á síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ilé ìwòsàn á sì sọ ọ́ di àgbà dókítà tí kò gba owó oṣù lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀gá méjì, iṣẹ́ méjì, owó oṣù kan. Ẹgbẹ́ MDCAN ti bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ owó yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Ti PhD tún wà níbẹ̀: fásitì ń béèrè rẹ̀, àwọn dókítà ní ìwé ẹ̀rí ìkọ́ṣẹ́ àwọn ti tó. Mi ò ní dá sí ìjà yẹn lónìí, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, a ò ní jẹun ọ̀sán.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Ẹ fojú inú wo ọmọ tá a fún níwèé ẹ̀rí ní ọdún tó kọjá. Ó wà nílé ìwòsàn ìjọba kan ní Yola, aago méjì òru. Wọ́n gbé ẹni tí ọkọ̀ kọlù wá. Àwòrán àyà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti jò jáde láti inú ẹ̀dọ̀fóró, ó há sínú àyà, ó ń fún ẹ̀dọ̀fóró náà pa. Bí ó bá mọ ohun tó ń wò, abẹ́rẹ́ kan lè gba ẹ̀mí yẹn là. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kò sí ọ̀gá kankan nítòsí tó lè bi. Níbo ló yẹ kó ti kọ́ ọ? Lọ́dọ̀ ẹni tí ipò rẹ̀ ṣófo.

Ìjọba àpapọ̀ sì ti kéde pé àyè fún àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ìlera, láti orí dókítà dé orí nọ́ọ̀sì, yóò kúrò ní 28,000 bọ́ sí 64,000 lọ́dún. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ èèyàn kì í pe àlejò 64 nígbà tí kò tíì sí ẹni tí yóò se oúnjẹ.

Èrò tèmi ni pé ká dẹ́kun wíwá èèyàn láti inú ìwé ìròyìn nìkan. Ẹni tá a ń wá ti wà nínú ilé. Òun ni dókítà tó ku ọdún kan kó ṣe ìdánwò ìkẹyìn, tí ẹ ti rí i pé ó máa ń dúró ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí àwọn tó kù bá ti lọ jẹun. Ẹ pè é. Ẹ sọ fún un pé ipò wà. Ẹ tètè lọ gba àṣẹ ìgbanisíṣẹ́ láti Àbújá, kí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde. Mo mọ ibi tí ìwé yẹn ti dé lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ti ń ṣiṣẹ́ ní Saudi Arabia.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ. Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún wa gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé pé òun yóò máa tún un ṣe, owó àtúnṣe náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò láti ọjọ́ tá a rà á, pẹ̀lú iná tí yóò máa gbé e ṣiṣẹ́. A máa ń gé ríbọ́ọ̀nù tán, a ó wá gbàgbé.

Kí ẹ sì fún olùkọ́ ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí kò ní ka àwòrán aláìsàn kankan, tí yóò kàn fi kọ́ni. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti pé ẹni 70 ọdún, tí òfin ti ní kí wọ́n fẹ̀yìntì, ṣì lè kọ́ni láti ilé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, wákàtí kan lọ́sẹ̀. Kò ní dípò ẹni tó dúró ti akẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ ó sàn ju àga òfìfo lọ.

Èmi àti ọmọkùnrin ọjọ́ yẹn ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó ní bí ẹ̀rọ CT yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, kí n pe òun. Mo tẹ ilé ìwòsàn náà láago lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ohun kan ló kù tí àwọn ń retí láti òkè òkun.