Irinṣẹ́ Ọ̀fẹ́ fún Ọmọ Tó Fẹ́ Kọ́ Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà



Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ọmọ kò lè kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà àfi tí a bá ra ẹ̀rọ olówó gọbọi àti sọ́fítíwia tí à ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Oríṣi ètò kan wà tí kò ní àwòrán rárá. Command line ni wọ́n ń pè é. A ó tẹ orúkọ ètò náà, a ó tẹ ohun tí a fẹ́ tẹ̀lé e, yóò sì fi ọ̀rọ̀ dá wa lóhùn. Kọ̀ǹpútà àlòkù pàápàá lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwé owó ẹgbẹ́ wa ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọmọ wa kan kọ ètò tó ń jẹ́ gbese. Bí akápò bá tẹ «gbese --osu 3», orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta ni yóò jáde. Bí ó bá ṣèèṣì tẹ «meta» dípò 3, ètò náà yóò sọ fún un pé òǹkà ni òun ń fẹ́. Ọmọ náà kò ní fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ìyẹn. Argparse ni yóò bá a ṣe é. Láti 2010 ló ti ń bá Python wá, èdè kọ̀ǹpútà tí Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gbé jáde ní 1991. Click náà wà, tí Armin Ronacher, ọmọ ilẹ̀ Austria, gbé jáde ní 2014. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni sì lè ṣí inú wọn wò.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kò ní kí ẹnì kan má ṣe làálàá. Ẹ wo GNU Readline, tó ń jẹ́ kí a lè tún ohun tí a tẹ̀ ṣe, tàbí kí a pe àṣẹ àtẹ̀yìnwá padà. Brian Fox ló kọ́kọ́ kọ ọ́. Chet Ramey ní Amẹ́ríkà ló sì ti ń tọ́jú rẹ̀ fún ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Kànga àdúgbò ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń pọn nínú rẹ̀, ó yẹ kó bá wọn gbá ẹnu rẹ̀. Ọmọ wa tó bá rí àṣìṣe níbẹ̀, kó fi tó wọn létí. Èyí tó bá lè tún un ṣe, kó tún un ṣe.

Àbá mi rèé: kí ẹgbẹ́ ya kọ̀ǹpútà àlòkù méjì sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, kí wọ́n sì fi ìwé owó wa bẹ̀rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú.