Òróró Habbatu Saoda: Ìwọ̀n Nínú Wíwá Ìwòsàn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá àrùn, tí ó sì dá oògùn rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí ẹ péjọ sí Sabon Gari níhìn-ín, ará Kánò mọ iyì kóró tí ń ṣe òróró. Òkìtì àpò ẹ̀pà ni ìlú yìí fi lókìkí kí epo rọ̀bì tó gba ipò iwájú. Ṣùgbọ́n kóró tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí kéré púpọ̀ sí ẹ̀pà: Habbatu Saoda ni, tí a ń ta òróró rẹ̀ nínú ìgò lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí.

Imam Bukhari gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Huraira pé Ànábì fi yé wa pé ìwòsàn gbogbo àrùn ń bẹ nínú kóró dúdú yìí, àyàfi ikú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà mọ́ ọn ni ìtàn kan nínú ìwé yẹn kan náà. Ghalib bin Abjar ṣàìsàn lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé Mẹ́dínà, Ibn Abi Atiq bẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí wọ́n mú kóró 5 tàbí 7, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n pò ó mọ́ òróró, kí wọ́n kán an sí ihò imú rẹ̀ méjèèjì. Ẹ kíyè sí i: ó ka kóró, ó wọn oògùn. Al-Khattabi, àgbà onímọ̀ hádíìsì, tún ṣàlàyé pé àwọn àrùn kan pàtó ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, nítorí kò sí ewéko kan tí ó kó gbogbo agbára ìwòsàn jọ.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí èròjà thymoquinone nínú òróró yìí. Àyẹ̀wò sì fi hàn pé ó lè dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tí ó gba ààwẹ̀, tí ó tún mu òróró yìí lé e, ṣúgà ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ kọjá ààlà, kí ó sì dákú. Ẹni tí ó da oògùn dókítà nù nítorí òróró, ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo òróró kóró ni mímu. Dongoyaro pọ̀ ní Kánò, ṣùgbọ́n òróró kóró rẹ̀ ti fa gìrì àti ikú fún àwọn ọmọdé kan tí a fún mu ní Malaysia.

Nítorí náà, kí aláìsàn àti aboyún kọ́kọ́ bi dókítà. Kí a wo nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò. Ẹni tí ààwẹ̀ yóò pa lára, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún un nínú Súrà Bákárà, áyà 184. Kí ẹni tí ń tà á sì rántí hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá: ẹni tí ó ń ṣe ìwòsàn láìní ìmọ̀ rẹ̀ ni yóò dáhùn fún ohun tí ó bá bàjẹ́.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa, kí Ó wo àwọn aláìsàn wa sàn. Àmín.