Sísanrajù: Ẹ Jẹ́ Kí Òṣùwọ̀n Sọ̀rọ̀

 

Bí ẹ bá gbé ìdì ẹyìn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ rà á, ẹ kì í gbà kó fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Òṣùwọ̀n ni yóò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá kan ara tiwa, ojú la ń lò. Ẹni tó ti ìdálẹ̀ dé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, a ó ní, “Ayé yẹ ọ́, o ti sanra!” Ẹni tó rù ni à ń káàánú. Báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn ṣe ń wọlé tọ ẹni tó sanrajù, láìsí ẹni tó fura.

Nínú ìwádìí ńlá lórí iye ènìyàn àti ìlera ní Nàìjíríà, àwọn òṣìṣẹ́ a máa gbé òṣùwọ̀n kiri ilé. Wọn kì í wọn gbogbo wa. Wọ́n á ṣa ilé díẹ̀díẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀, bí ẹni tó bu kókó díẹ̀ nínú àpò láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 2008, nínú 100 obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, 22 ni ìwọ̀n wọn ti kọjá ààlà. Ní 2013, wọ́n di 25. Nígbà tó di 2018, wọ́n ti di 28, 10 nínú wọn sì ti sanrajù pátápátá. Ẹ má rò pé ebi ti tán o. Ìwádìí 2018 yìí kan náà rí i pé 37 nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló kúrú ju bó ti yẹ fún ọjọ́ orí wọn lọ.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ká ní obìnrin kan ga ní mítà 1.60, ó sì wọn kílò 80. 1.60 lọ́nà 1.60 jẹ́ 2.56. Ẹ wá fi 2.56 pín 80, yóò lé díẹ̀ ní 31. Láti 18.5 títí dé ìsàlẹ̀ 25 ló dára. Láti 25, ara ti ń pọ̀ jù. Láti 30 sókè, sísanrajù nìyẹn, obìnrin wa yìí sì ti débẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò mọ iṣan yàtọ̀ sí ọ̀rá. Ẹni tó ti ń fi ọkọ́ kọ ebè láti èwe lè wúwo láìsí ọ̀rá lára. Ẹ yá tépù lọ́wọ́ télọ̀, ẹ fi yí ikùn ká lókè egungun ìbàdí, ẹ má sì fa ikùn wọlé. Bó bá ju ínṣì 35 lọ fún obìnrin, tàbí 40 fún ọkùnrin, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò nílé ìwòsàn.

Ọ̀kadà ti gba ìrìn oko lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n òkèlè kò dín. Ìwọ̀n púpurú tó tó ẹni tó ń ṣán igbó ni ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ ṣì ń jẹ. Epo pupa ń ṣe ojú lóore, a ò ní kí ẹ má jẹ ẹ́, àmọ́ agbára inú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti gàrí lọ bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba. Ẹ dín òkèlè, ẹ fi ẹ̀fọ́ kún ọbẹ̀, ẹ sì gbé omi lọ sóko dípò mínírà.

Ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ fi òfin ìnáwó 2021 gbé owó-orí náírà 10 lé lítà mínírà kọ̀ọ̀kan. Náírà 5 péré nìyẹn lórí ìgò onídajì lítà. Lójú tèmi, ìyẹn kò lè dá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kọ́.

Aboyún kò gbọdọ̀ fi ìṣirò yìí wọn ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kò tíì pé oṣù méjì tó bímọ. Nọ́ọ̀sì ni kí wọ́n lọ bá.