Òfin Iṣẹ́ Tí Kò Dé Etí Òṣìṣẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)

Ọ̀rọ̀ òní kan àwọn ènìyàn wa tí ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì: awakọ̀, mẹ́séńjà, alásè, ọlọ́dẹ, akọ̀wé. Ó sì kan aya àti ọmọ wọn pẹ̀lú.

Láti ìgbà tí Yunifásítì Ahmadu Bello ti ṣí ní Zaria ní ọdún 1962 ni irú iṣẹ́ yìí ti ń pọ̀ sí i ní Òkè-Ọya. Iṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀, lórí owó oṣù, ìsinmi, ìgbéga àti ìfẹ̀yìntì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́. Wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde, tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹni tí ń gé koríko á gba ẹ̀gbẹ́ pátákó náà kọjá lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì ti kéde, ṣùgbọ́n òun kò gbọ́.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń sọ ní ààbọ̀. Àwa ọlọ́jà mọ̀ pé ọjà tí a kò dá iye lé kí oníbàárà tó gbé e lọ, ìjà ni í dà.

Kí ni òfin ìjọba wí? Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó kọjá. Bí nǹkan kan bá yí padà nínú rẹ̀, kí ó fi ìwé sọ ọ́ kí oṣù kan tó kọjá. Bí kò bá fi ìwé náà sí i lọ́wọ́, kí ó jẹ́ kí ó rí àyè kà á.

Ẹ wo nǹkan méjì. Ní ọdún 2012, òfin fi ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ yunifásítì tí kì í ṣe olùkọ́ sí ẹni ọdún 65, ti ọ̀jọ̀gbọ́n sí 70. Ẹni tí kò gbọ́ lè tètè di ẹrù rẹ̀. Èkejì ni owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ọdún 2014 ní kí a yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó òṣìṣẹ́, ó kéré tán, kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá 10 kún un. Orúkọ ìbátan tí òṣìṣẹ́ yàn wà nínú ìwé náà. Ẹni tí ó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i nígbà àpọ́n, tí kò sì tún un ṣe títí ó fi bí ọmọ mẹ́rin, ẹ rò ó wò bí ọ̀rọ̀ yóò ti rí lọ́jọ́ tí kò bá sí mọ́.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín. Ìwé yòówù tí ẹ bá gbà níbi iṣẹ́, ẹ mú un wá sípàdé. A ó kà á ní Yorùbá láìgba kọ́bọ̀. Ẹ lọ bèèrè orúkọ tí ó wà nínú ìwé owó ìfẹ̀yìntì yín. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní ipò ọ̀gá, ẹ má fi pátákó nìkan ṣe ìkéde. Ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ẹ sọ ọ́ ní Hausa, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún ohun tí wọ́n gbọ́ sọ fún yín. Ìgbà náà ni ẹ tó mọ̀ pé ó dé etí wọn.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a fi èrè délé.